Ògiri Tí Mo Búra Pé Màá Mọ

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Apòmárẹ̀, má jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. Torí rẹ gan-an ni mo ṣe ránṣẹ́. Dókítà ti wo èsì àyẹ̀wò mi, ó ní kí n máa jẹ ohun tó bá wù mí. Àgbà tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ti mọ ohun tó kàn. Kí n tó lọ dúró níwájú Adákẹ́dájọ́, Arínú-róde tí kì í wá ẹlẹ́rìí, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé búrẹ́dì jáde lẹ́nu mi.

Ẹ rántí oníbúrẹ́dì tó yá yàrá méjì ìsàlẹ̀ ilé yìí, tó máa ń pè mí ní Màámi. Ó bẹ̀ mí kí n jẹ́ kó wó ògiri àárín, kí ààrò rẹ̀ lè gbà. Mo gbà, ṣùgbọ́n a kọ ọ́ sínú ìwé pé lọ́jọ́ tó bá ń lọ, bí mo bá ní kó mọ ọ́n padà, yóò mọ ọ́n. Lọ́dún kẹfà, gbèsè mù ún dé ọrùn. Ilé ẹjọ́ yan agbẹjọ́rò obìnrin kan kó ta ohun tó kù, kó sì pín in fún gbogbo ẹni tó jẹ lówó. Ohun tó wà nílẹ̀ kò tó. Bí ẹnì kan bá bu púpọ̀, ti ẹlòmíì á dín. Apòmárẹ̀, òṣìṣẹ́ rẹ̀, wà lára wọn: oṣù mẹ́rin ló fi po ìyẹ̀fun láìgbowó.

Èmi ńkọ́? Kò jẹ mí lówó ilé rárá. Mo kàn gbọ́ pé àwọn èèyàn ń tò ni, ọkàn mi ò gbà kí n dúró sẹ́yìn. Mo bi agbẹjọ́rò pé, “Ṣé gbèsè tí kò tíì délẹ̀, bíi ti ògiri tó ní òun á mọ padà, náà lè tò lórí ìlà?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ó lè tò, Mà. Ẹ mú ìwé àdéhùn wá, ẹ mú iye tí bíríkìlà máa gbà wá, kí ẹ sì fi hàn mí pé ẹ máa mọ ògiri náà lóòótọ́. Èmi á wá díwọ̀n bó ṣe ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ tó.” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi bí àlọ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀? Mo rò ó títí dé ilé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Bẹ́ẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fi yàrá méjèèjì fún àbúrò mi kápẹ́ńtà, òun kò sì fẹ́ ògiri kankan. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ ìlapákó rẹ̀ máa dúró sí, gan-an lójú ibi tí ògiri náà wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ lọ gbà fún un, ó wò mí. “Ẹ̀gbọ́n, ògiri wo? Àbí ẹ fẹ́ mọ ọ́n gba àárín ẹ̀rọ mi ni?” Mo ní, “Panu mọ́, ọmọ ìyá mi. Ta ló bi ọ́?” Ó panu mọ́. Èmi tí mò ń ṣáájú àdúrà nínú ilé yìí, èmi ni mo kọ́ ọmọ ìyá mi ní irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn.

Agbẹjọ́rò ní òun á fojú ara òun rí i. Òun àti oníbúrẹ́dì dé lọ́sàn-án. Mo ti ṣáájú wọn débẹ̀, mò ń fi ẹsẹ̀ nu àmì ṣọ́ọ̀kì náà. Bí mo ṣe nù ún tó, díẹ̀ kù. Nígbà tí wọ́n wọlé, mo dúró lé e lórí. Agbẹjọ́rò wọn ibẹ̀ lóòró àti níbùú. “Mà, ta ló fẹ́ gba ibí lẹ́yìn rẹ̀?” “N kò tíì rí ẹnì kankan.” “Ẹ máa mọ ògiri yìí?” Mo gbọ́wọ́ sókè. “Olúwa ń gbọ́, màá mọ ọ́n.” Mo so orúkọ Rẹ̀ mọ́ irọ́ bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn.

Agbẹjọ́rò wolẹ̀. “Mà, kí ló funfun lára bàtà yín yẹn?” Mo ní, “Ìyẹ̀fun rẹ̀ ni. Ṣé ẹ rí bó ṣe fi ilé mi sílẹ̀?” Oníbúrẹ́dì, tó fọ ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, kò jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu bàtà mi tọ̀tún tòsì. N kò gbẹ́sẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, Màámi. Mo rò pé mo ti gbá a mọ́ ni.”

Wọ́n gba ẹ̀rí mi wọlé, wọ́n pín owó náà, wọ́n sì fún mi nípìn-ín. Ohun tó kan Apòmárẹ̀ kò tó owó oṣù kan. Láti ọjọ́ náà, n kì í gba àárín yàrá yẹn kọjá. Bí mo bá fẹ́ dé apá kejì, màá jáde síta, màá gba ilẹ̀kùn kejì wọlé. Àbúrò mi á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ògiri wà níbẹ̀ ni?” Ó wà níbẹ̀. Èmi nìkan ló ń rí i.

Ẹ̀yin ọmọ mi, amòòkùn ṣolè, bí ọba ayé ò rí i, ti ọ̀run ń wò ó. Apòmárẹ̀, owó oṣù rẹ tó kù ni mo dì sábẹ́ ìrọ̀rí yìí. Gbà á, kó o tó sọ bóyá o dárí jì mí tàbí o ò dárí jì mí. Ẹ bá mi wá oníbúrẹ́dì, níbikíbi tó bá wà. Ẹ má tíì bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé ó gbá ilẹ̀ náà mọ́.