Ohun Tí A Jù sí Ibú Yèyé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣe àmín. Alfa, ẹ dákun, ẹ fi àdúà yẹn dúró ná. Waheedat ọmọ mi ló fẹ́ rán mi lọ sí Mẹ́kà, ìyẹn ló kó gbogbo yín jọ síwájú ilé mi nírọ̀lẹ́ yìí. Àṣà wa sì ni pé ẹni tó bá ń lọ sílé Ọlọ́run á kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ti ṣẹ̀. Mo ti ń tọrọ rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Mo ń dé ẹnu ọ̀nà yín lójúlé lójúlé, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ ní, “Ìyá Waheedat, kí lẹ ṣe fún wa? A ti forí jì yín o jàre.” Ẹ̀rín yẹn ló ń pa mí kú lọ. Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń forí rẹ̀ jì mí. Bí mo bá gba irú àforíjì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín, mo tún jà yín lólè lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n tú u sílẹ̀ lónìí, bó ti wù kó rùn tó. Waheedat, má fà mí láṣọ. Jẹ́ kí n sọ ọ́.

Kò sí ọ̀dá kan tí í dá ní abà Ládòkun yìí tí ẹ kì í dárúkọ Ògúnwùmí, Bàbá Àpọ́nlé. Ẹ ní òun ló da gámálìn, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò oko, sínú Ibú Yèyé. Ẹ ní ohun tó ṣe yẹn ló mú kí ẹja run, tí omi sì bínú lọ. Irọ́ ni. Ògúnwùmí kò da nǹkan kan sínú omi rí láyé rẹ̀. Èmi Sọ̀fíyàt ni mo pa ibú náà, èmi àti Samsudeen àbúrò mi tí a sin lẹ́yìn Iléyá. Kì í sì í ṣe gámálìn la fi pa á.

Ẹ̀yin ọmọ kéékèèké ò lè mọ̀ ọ́n nígbà tó kún, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Odò wa kì í ṣàn lẹ́ẹ̀rùn. Á já sí wẹ́wẹ́, omi á wá kù sínú ibú káàkiri. Èyí tó jìn jù ni Ibú Yèyé, tí àpáta gbé omi rẹ̀ dúró bí ìgbà tí a bu ọbẹ̀ sínú àwo. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹja ń sá sí: àrọ̀, ẹpìyà, ọ̀bọ̀kún, títí dórí òjíjí tó máa ń gbọn èèyàn lọ́wọ́ jìgìjìgì. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, wọn á jáde, wọn á bí, odò á tún kún fún ẹja títí dé ìsàlẹ̀. Ìdílé Ògúnwùmí ló ń ṣọ́ ibú náà. Bí ọyẹ́ bá ti ń mú báyìí, Ògúnwùmí á ta màrìwò sí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ju àwọ̀n síbẹ̀ mọ́, òun alára kò ní jù ú. Mo bi í léèrè nígbà kan pé, “Bàbá, ẹja yìí pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ ká pa díẹ̀?” Ó ní, “Àwọn ìyá ló wà níbẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá jẹ ìyá tán, kí ló fẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mìíràn?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo pè é ní ọ̀rọ̀ abọ̀rìṣà.

Àpọ́nlé ọmọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ni. Ààrò tí a fi ń yan ẹja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ẹja bá wọ́n, á bù nínú èyí tí bàbá rẹ̀ pa fún mi, á ní, “Ẹ mú èyí, kí àtẹ yín má baà ṣófo.” Dípò kí n dúpẹ́, ńṣe ni inú ń bí mi. Mo ń sọ nínú ara mi pé ṣé ajẹkù ọmọdé yìí ni n óò máa jẹ títí ayé? Àwọn oníbàárà tó ń ti Ìsẹ́yìn wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ yà. Wọ́n á kó tirẹ̀ tán kí wọ́n tó rántí mi. Ìlara ni, n kò ní fún un lórúkọ mìíràn. Ebi ò pa mí. Ọmọ ò sùn láìjẹun nílé mi. Mo kàn fẹ́ kí ẹja tèmi pọ̀ ju ti Àpọ́nlé lọ ni.

Ọdún tó ṣáájú kòrónà ni mo ń wí yìí. Samsudeen ń ṣiṣẹ́ nígbà náà níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́yìn òkè. Gbogbo wa la mọ ìró ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ ọ: gbìì! ilẹ̀ á mì, adìyẹ á sá, a ó sì máa bá iṣẹ́ wa lọ. Lọ́jọ́ kan tí mo ń ráhùn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹja tí ẹ ń torí rẹ̀ banú jẹ́ yìí, ẹ̀tù díẹ̀ ló gbà. Ẹ kàn máa fi agbọ̀n kó o ni.” Mo ní, “Ṣé kò léwu?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹja ló léwu fún.” Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ wo èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n, tó yẹ kí n fọ́ ọ létí.

A kọ́kọ́ dán an wò ní ibú kékeré kan nísàlẹ̀ odò. Mi ò gbàgbé ojú àwọn ẹja yẹn. Ó yọ síta, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu wọn. Èyí tí kò léfòó, ó rì, ibẹ̀ ló sì rà sí. Nígbà tí mo gbé e sórí ààrò, ńṣe ni ẹran ara wọn ń ya jálajàla. Àpọ́nlé yọjú wò ó, ó ní, “Ìyá Waheedat, kí ló ṣe ẹja yín? Ó dà bí èyí tí wọ́n gún lódó.” Mo ní ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Ó bá mi fi ewé dì í kó má fọ́ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló bá mi dì í o! Àwọn ará Ìsẹ́yìn sì rà á tán. Bí ohun burúkú bá mú èrè wá, ẹsẹ̀ kì í pẹ́ mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ la yàn fún Ibú Yèyé. Ẹ̀yin ọkùnrin wà ní mọ́ṣáláṣí, àwọn obìnrin pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé bí ìró bá dún, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ ó rò. Ẹ wà ní ìforíkanlẹ̀ nígbà tí èmi ń rọ màrìwò Ògúnwùmí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àbúrò mi lè kọjá. Ó ju ẹ̀tù àkọ́kọ́ sínú ibú, omi gbé ara rẹ̀ sókè bí ẹni tí wọ́n fi idà gún. Ẹja bo ojú rẹ̀ lọ salalu. Àwọn ọmọ ẹja tí kò tó ìka funfun lójú omi bíi gàrí tí a dà sínú abọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ kú, alákàn kú, àwọn tí ẹnikẹ́ni ò ní jẹ. Mo gbé àrọ̀ kan, inú rẹ̀ ti bẹ́, ẹyin ń dà jáde nínú rẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Ògúnwùmí sọ sí mi lọ́kàn. Mo pe Samsudeen pé ó tó. Ó ní, “Èyí tó wà nísàlẹ̀ ló tóbi, ẹ jẹ́ n ju ọ̀kan sí i.” Ìkejì yìí kò jìnnà sí i lọ́wọ́ tó fi bú. Nígbà tí èéfín kúrò, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kò sì sí ọwọ́ mọ́ níbẹ̀. Kò tilẹ̀ ké. Ó kàn ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó.”

Mo fi ìborùn mi wé e, mo wọ́ ọ dé ojú títì. Mo sọ fún ọlọ́kadà pé ẹ̀rọ tó ń lọ gbágùúdá ló gé e. Ohun tí ẹ̀yin náà gbọ́ nìyẹn, tí ẹ fi ń bá wa kẹ́dùn, tí ẹ ń gbé oúnjẹ wá fún un. Gbogbo ẹja yẹn, mi ò mú ẹyọ kan kúrò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, òórùn ló jí yín. Ẹ rántí. Ẹ rọ́ lọ sí etí ibú, ẹnìkan sì ní gámálìn ni, torí ọ̀pọ̀ nínú ẹja tó kú kò ní ojú ọgbẹ́. Ògúnwùmí sáré dé. Ó gbé ẹja kan sókè, ó ní, “Ẹ wò ó, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣẹ́. Ẹ wo àpáta, ó ti là! Gámálìn í la òkúta bí?” Kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀. Ẹ ń bèèrè pé ta ni wọ́n rí níbẹ̀ lánàá. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé bóyá ẹnìkan ti rí mi. Mo bá kọ́kọ́ la ẹnu. Mo ní, “Mo rí Bàbá Àpọ́nlé níbí lánàá. Ó gbé garawa kan dání.” Kò sẹ́ni tí kò gbà á gbọ́, nítorí pé òun nìkan ni ọkùnrin tí kì í lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀.

Baálẹ̀, níwájú yín ni wọ́n ti ní kí àwa méjèèjì búra. Ògúnwùmí fi ahọ́n kan irin, ó ní bí òun bá mọ̀ nípa rẹ̀, kí Ògún jẹ òun. Wọ́n gbé Àlùkùránì wá fún mi. Mo ṣe àlùwàlá. Omi ń kán lọ́wọ́ mi, mo sì gbé ọwọ́ yẹn lé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, mo tún irọ́ náà pa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo tilẹ̀ fi kún un: mo ní garawa náà pupa. Ẹ̀yin èèyàn, mo ti pa ẹja, mo ti ba odò jẹ́, mo ti sọ àbúrò mi di aláàbọ̀ ara, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó burú tó ìgbà tí mo ní garawa náà pupa. Ẹ sun àwọ̀n rẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹ sun àwọn ìgèrè tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un láti máa fi dẹ ẹja. Ẹ ní kó máa lọ. Àpọ́nlé wá bá mi nídìí ààrò, kò pariwo. Ó ní, “Ìyá Waheedat, ẹ wo ojú mi, kí ẹ tún un sọ.” Mo ń fẹ́ iná. Mi ò gbójú sókè.

Ohun tó tẹ̀lé e, gbogbo wa la jọ rí i. Òjò rọ̀, odò ṣàn, ẹja ò sí. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, omi Ibú Yèyé gba ojú àpáta tó là jò lọ. Àwọn tó ń gbin ata àti tòmátò létí rẹ̀ pa oko tì. Ẹ̀fọn pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ẹja tó ń jẹ ọmọ wọn nínú omi kò sí mọ́. Ẹ̀yin ìyàwó ilé ń ru garawa lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ ń ro yín dé. Kótè inú yìnyín tí wọ́n ń gbé wá láti ìlú òyìnbó làwọn ọmọ wa mọ̀ ní ẹja. Mo jókòó láàárín yín, mo ń bá yín bú Ògúnwùmí.

Samsudeen ni kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ títí. Ó ní wọ́n á ti òun mọ́lé. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ tó lọ yìí kò dùn mí tó bàbá yẹn. Bí mo bá kú, ẹ sọ ọ́.” Ó kú, mi ò sì sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ Mẹ́kà yìí ló lé mi dé Ìwéré-Ilé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo bá Ògúnwùmí nínú oko kájú olóko, ó ń ṣa èso. Ó ti darúgbó. Mo kúnlẹ̀ sínú ewé gbígbẹ, mo sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, “Ẹja ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń padà wá?” Mo ní rárá. Nígbà náà ló tó sunkún. Mo ní kó forí jì mí. Ó ní, “Sọ̀fíyàt, ojú gbogbo ayé lo ti dì í rù mí. Ojú wọn ni kí o ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ká tó mọ ohun tí a ó sọ.”

Mo ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nìyí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ti ń bi àwọn tó ń fọ́ òkúta léèrè ẹ̀tù, pé ẹ fẹ́ lọ gbìyànjú rẹ̀ lápá òkè odò níbi tí ẹja díẹ̀ kù sí. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ọwọ́ Samsudeen wà nínú iyanrìn Ibú Yèyé. Ẹja tí ẹ bá fi ẹ̀tù pa lónìí, ti àwọn ọmọ yín ni ẹ jẹ, ẹ ò sì ní lè san án.

Àpọ́nlé, mo rí ọ lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Mi ò ní kí o dá mi lóhùn. Mo ń wo ojú rẹ, mo sì ń tún un sọ: mi ò rí bàbá rẹ, mi ò rí garawa kankan. Alfa, ẹ sọ ohun tí ẹ̀sìn wí nípa ìbúra mi, mo ṣe tán láti gbà á. Waheedat, má sunkún, Mẹ́kà lè dúró. Baálẹ̀, ẹ̀yin lẹ ní kí ọkùnrin yẹn máa lọ, ẹ dákun, ẹ̀yin náà ni kí ẹ ní kó máa bọ̀ nílé. Mo ti bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀. Ìwéré-Ilé ni mò ń lọ lọ́la, lẹ́yìn àsùbáà. Ta ni yóò bá mi lọ?