Ìró Pẹ́ńsùlù Tí Mo Sẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ wá wo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kejìdínlógún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé abẹ́ fídíò kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìbéèrè nípa ìṣirò ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibí ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀, ibí náà ni mo fẹ́ kó parí sí. Harlan Brekke ni orúkọ mi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, dókítà sì ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀fóró mi kò ní gbé mi dé ìgbà tí yìnyín orí adágún máa yọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún mọ́kànlá. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ti rẹ èmi náà.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe pépà ní Duluth ni èmi àti Noreen Aho ti ṣiṣẹ́, ìdí ẹ̀rọ kan náà, fún ọdún mẹ́rìnlá. Nígbà tí wọ́n kéde pé wọ́n máa pa ẹ̀rọ wa tì, ọ̀gá wa sọ pé àga kan ṣoṣo ló ṣófo ní yàrá àwọn ẹnjiníà, pé inú wa ni wọ́n ti máa mú ẹni tó máa jókòó síbẹ̀. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga jù nínú ìdánwò kálíkúlọ́ọ̀sì kẹta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré orí òkè ni wọ́n máa fún. Kálíkúlọ́ọ̀sì kẹta yìí ni ìṣirò tí nǹkan méjì, mẹ́ta jọ ń yí padà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, wọ́n wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn. Àwa méjì la fọwọ́ sí i. Noreen ti tó ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta nígbà náà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tí yunifásítì gbà á, àmọ́ bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, ó sì dúró tì í. "Harlan," ó wí fún mi, "ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ yìí. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń sọ kí n tó kú."

Iṣẹ́ ò jẹ́ ká lè lọ sí kíláàsì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí tí yunifásítì kan tó jìnnà sí wa kó sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo àárọ̀ Sátidé la máa ń pàdé ní ilé ìkàwé, kọ̀ǹpútà kan, íyápíìsì kan, etí òsì rẹ̀ àti etí ọ̀tún mi. Noreen á gbé oúnjẹ tó sè nínú ààrò, tó fi ànàmọ́ bo orí rẹ̀, wá nínú ike. Ọ̀jọ̀gbọ́n arúgbó inú fídíò náà á máa fi ọwọ́ aṣọ nu pátákó, ẹfun á máa bọ́ sí i léjìká. "Dá a dúró jàre, bàbá yìí ti sáré kọjá mi," Noreen á wí. "Kò sáré o, ìwọ lò ń jẹun." "Ìwọ tí o ò jẹun ńkọ́, kí lo gbọ́?" Mi ò tíì gbádùn ẹ̀kọ́ kankan tó bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Ìgbà tá a dé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí gan-an ni lẹ́tà r bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Noreen lẹ́nu. Ẹ ó rí i fúnra yín láìpẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣírò ohun roboto nípa yíyí i ká, ẹ gbọ́dọ̀ fi r, bí ibi tí ẹ wà ṣe jìnnà sí àárín tó, sọ iṣẹ́ yín di púpọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé r, iṣẹ́ rẹ̀ á mọ́ tónítóní lójú, irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Noreen ń gbàgbé rẹ̀ ṣáá. "Ìwọ tí ò ń gé páì fún gbogbo ilé iṣẹ́," mo wí, "o ò mọ̀ pé etí ègé páì fẹ̀ ju ṣóńṣó rẹ̀ lọ?" Mo wá kọ́ ọ ní ọgbọ́n kan. Mo ní nígbàkígbà tó bá ti kọ r, kó fi ìdí pẹ́ńsùlù kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó, kí ọwọ́ lè máa rán orí létí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò gbàgbé mọ́ láé. Èmi tí mo kọ́ ọ ni mo wá ń gbàgbé. Bó bá kan tábìlì tí mo sì sáré padà lọ fi r sínú iṣẹ́ tèmi, á rẹ́rìn-ín, á ní a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì.

Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún, ó ti fi mí sílẹ̀ sẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ náà. Òun ló ń dá fídíò dúró láti ṣàlàyé fún mi. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń dúpẹ́. Àmọ́ mo jowú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pe owú yìí ní orúkọ tó ń jẹ́, nítorí ọdún mọ́kànlá ni mo fi pè é ní nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ ìdánwò, ìbéèrè márùn-ún ni wọ́n fún wa. Ìyáàfin Vukelich, olùkọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ló ń ṣọ́ wa. Èmi wà níwájú, Noreen wà lẹ́yìn mi. Mo parí ìbéèrè kẹrin, mo ṣí ojú ìwé tó kàn, ni mo bá gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: kó, kó. Mo ṣí ìwé padà, mo wo iṣẹ́ mi, kò sí r níbẹ̀. Mo fi sí i, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ìyáàfin Vukelich ti dìde lórí àga rẹ̀, ó ń wò mí, ó sì ń wo Noreen.

Lẹ́yìn ìdánwò, Ìyáàfin Vukelich kọ́kọ́ pe Noreen sí ọ́fíìsì rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi jáde. Ó fọwọ́ kan apá mi lẹ́nu ọ̀nà. "Má bẹ̀rù," ó wí. "Mo ti ní kí wọ́n bi ọ́. Ṣáà sọ fún wọn bó ṣe jẹ́. Mo ń dúró dè ọ́ nídìí ọkọ̀."

"Ọ̀gbẹ́ni Brekke," Ìyáàfin Vukelich wí, "Noreen ní àṣà òun ni kíkan tábìlì, pé ẹ̀yin lẹ kọ́ òun, pé ara òun lòun ń rán létí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ẹjọ́, màá máàkì ìwé ẹ̀yin méjèèjì. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Ìwé Noreen wà lórí tábìlì níwájú mi. Mo rí i. Gbogbo r wà ní àyè rẹ̀, ó sì ti parí ìbéèrè karùn-ún tí mi ò rí ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi: "Bẹ́ẹ̀ ni." Bí mo bá sọ ọ́, àwa méjèèjì la máa yege, àmọ́ òun ló máa jókòó sórí àga náà.

"Rárá," mo wí. "Mi ò mọ nǹkan kan nípa kíkan tábìlì."

Mo lè padà sẹ́yìn nígbà náà. Dípò bẹ́ẹ̀, mo fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. "Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé òun máa fún mi ní àmì. Mo ní mi ò fẹ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ padà sí ìbéèrè kẹrin?"

"Mo ń yẹ iṣẹ́ mi wò ni, mà."

Ó mí kanlẹ̀, ó ní ó dun òun, pé Noreen jọ èèyàn jẹ́jẹ́. Ó fa ìlà pupa la ìwé Noreen já láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìṣojú mi ló ti ṣe é.

Mo jáde. Noreen dúró nínú yìnyín pẹ̀lú ike tí a fi ń ha gíláàsì lọ́wọ́. Ó ti ha gíláàsì iwájú ọkọ̀ mi mọ́ kedere, tirẹ̀ ṣì funfun. "O sọ fún wọn?" ó bi mí. Èmi ìkà yìí ní, "Mo sọ fún wọn. Wọn ò gbà mí gbọ́." Ó wá gbá mi léjìká pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. "Kò burú," ó wí. "O ṣáà gbìyànjú fún mi. O ṣé, Harlan." Irọ́ tí mo pa nínú ọ́fíìsì burú, àmọ́ ọpẹ́ tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí n lè gbé oúnjẹ mì.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi jókòó sórí àga náà. Noreen kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Thunder Bay, ó ń fọ aṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan. Gbogbo Kérésìmesì ló ń fi káàdì ránṣẹ́ sí mi. Mi ò fèsì rí, títí káàdì fi dáwọ́ dúró. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ti gbé igbá náà délé báyìí, èmi nìkan ni mo sì wà nínú ilé.

Ní oṣù tó kọjá, lórí ibùsùn tí mo wà yìí, mo ṣí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kejìdínlógún láti tún gbọ́ ohùn bàbá ẹlẹ́fun. Mo wo ìsàlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun máa ń gbàgbé r, pé òun fẹ́ jáwọ́. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Noreen A. dá a lóhùn: "Má jáwọ́. Nígbàkígbà tí o bá kọ r, fi pẹ́ńsùlù kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rẹ́ mi kan ló kọ́ mi, ní ilé ìkàwé kan. Èèyàn rere ni. Títí di òní mi ò gbàgbé rẹ̀ mọ́." Mo wá rí i pé ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ń dá àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ lóhùn níbí, láìgba ohunkóhun, láti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kìíní dé ìkẹyìn. Mo sunkún bí ọmọdé.

Mo ti kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́, mo sọ ohun tí mo ṣe fún wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ níbí, bí ẹni tí ẹ kọ́ bá gbọ́n jù yín lọ, ẹ jẹ́ kó gbọ́n jù yín lọ. Ẹ ò ní kú nítorí rẹ̀. Ẹ sì bá mi bẹ Noreen kó dárí jì mí, torí mo mọ̀ pé ó ń ka gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ síbí.

Noreen, mo ní wọn ò gbà mí gbọ́. Wọ́n gbà mí gbọ́. Gbogbo ohun tí mo sọ fún wọn pátá ni wọ́n gbà gbọ́.