Garrity Tó Máa Ń Dúró Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kámẹ́rà

Ẹ̀yin ará ilé Garrity, ẹ̀yin tí a jọ ń jẹun nídìí fíìmù, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ife ọtí yín sílẹ̀ díẹ̀. Èmi ni Leland Voss. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń dúró sábẹ́ iná dípò Garrity, kí àwọn oníná lè tún iná wọn ṣe kó tó wọlé. Gíga wa dọ́gba, èjìká wa dọ́gba. Ojú nìkan la fi yàtọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òun lẹ ń sanwó wò.

Fíìmù mọ́kànlélógójì ló ṣe. Ẹ ti rí i lórí ẹṣin, ẹ ti rí i níbi tó ti ń fẹnu ko arẹwà lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹ ò rí.

Tí kámẹ́rà bá ti ya ojú olú òṣèré tán, tó wá kan ojú ẹnìkejì tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, olú òṣèré á lọ sinmi. Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ìwé eré ló máa ń ka ọ̀rọ̀ olú òṣèré fún ẹnìkejì, bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì. Nígbà tí Garrity ò tíì lórúkọ, òṣèrébìnrin ńlá kan ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n gbé dúró dípò obìnrin náà. Garrity ní ìgbálẹ̀ yẹn lòun sọ fún pé òun fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Láti ọjọ́ náà ló ti búra pé òun ò ní fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó lágídí, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ eyín rẹ̀ méjì, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà tòun ti òwú lẹ́nu, nítorí òṣèrékùnrin kan tó kàn gbé ọtí wọlé nínú eré, tó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ọ̀gá Pruitt, tó ń náwó sí fíìmù wa, jágbe mọ́ ọn: "Garrity, máa lọ sílé jàre. Kámẹ́rà ò wò ẹ́." Garrity ní, "Ọkùnrin yẹn ń wò mí." Nígbà tí irun rẹ̀ funfun, tí wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ wá sísàlẹ̀ pátákó ìpolówó fíìmù, kò yí padà.

Màmá wa Hazel Brandt, àgbà òṣèré tó ń bá Garrity ṣe fíìmù tó wà lọ́wọ́ wa yìí, ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí kámẹ́rà ti sún mọ́ ojú wọn kẹ́yìn. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ya ojú Garrity tán, ó ku ti Màmá, ni wọ́n bá sún un di Mọ́ńdè. Garrity ní, "Màmá, mo máa wà níbẹ̀." Láàárọ̀ àná, ọkàn Garrity dáṣẹ́ sílẹ̀. Ni mo bá gbọ́ pé Ọ̀gá Pruitt ní kí wọ́n gé ibẹ̀ kúrò, torí kò sẹ́ni tí Màmá máa bá sọ̀rọ̀.

Kò sẹ́ni kẹ̀? Èmi ńkọ́? Gbogbo ọ̀rọ̀ Garrity ni mo ti há sórí. Lọ́la, ní aago méje, màá wọ kóòtù rẹ̀, màá dúró síbi tó máa ń dúró sí, Màmá á sì rí ojú èèyàn wò. Ẹ̀yin oníná, ṣé ẹ máa wá? Ẹ̀yin oníkámẹ́rà ńkọ́? Ọ̀gá Pruitt, ẹ má wolẹ̀. Tí ẹ bá gbà, ẹ mi orí yín kí gbogbo ilé rí i.

Ó dáa. Ọ̀gá ti mi orí. Gbogbo wa la rí i.

Garrity, ọ̀rẹ́ mi, ó dùn mí, ó dùn mí wọra. Kí ọ̀nà rẹ tẹ́jú, kí ilẹ̀ tù ọ́ lára. Èyí tó kù, a ó bá ọ ṣe é. Lónìí nìkan, má dúró de ẹnikẹ́ni. Máa lọ sílé jàre.