Àwọ̀ Ewé tí Delphine Rí

Ẹ̀yin ará Sakété àti Pobè, dókítà ti sọ fún mi pé kíndìnrín mi méjèèjì ti ń ṣíwọ́ iṣẹ́. N kò fẹ́ fi ọjọ́ tó kù ṣòfò. Delphine kò purọ́. Èmi Ẹnìtàn ni mo purọ́, mo sì jẹ́ kí ẹ máa pe obìnrin náà ní afọ́jú fún ọdún mẹ́ta.

Chakirou ní ilé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà lójú ọ̀nà Takon, níbi tí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́. Ásíìdì ni wọ́n fi ń fọ wúrà níbẹ̀, èéfín rẹ̀ a sì máa ta ènìyàn lọ́fun bí ata tó jóná. Èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín náà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ kẹ́míkà láti inú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi nínú àpòòwé. Mo gbé àgbá oníke dúró, mo kó ọmọrí ìgò kún inú rẹ̀, omi tí a po sódà ọṣẹ mọ́ ń ṣàn lé wọn lórí, abẹ̀bẹ̀ oníná sì ń ti èéfín wọlé láti ìsàlẹ̀. Omi náà ló ń pa oró rẹ̀. Mo so ìgò kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ àgbá, mo ń bu omi inú àgbá sí i, mo sì ń kán omi ìṣápá pupa lé e. Bí sódà bá ṣì lágbára, yóò di àwọ̀ ewé. Bí sódà bá ti tán, yóò pupa. Mo kọ́ Delphine, opó ará Àjàṣẹ́ tó ń bá wa ṣiṣẹ́, pé, "Bí o bá rí àwọ̀ ewé, mí. Bí ó bá pupa, sá."

Lọ́jọ́ tí àwọn aláṣẹ wá wo ẹ̀rọ náà, Chakirou dúró níwájú àgbá mi, ó ní, "Orí mi yìí ló ti jáde." Ó yíjú sí mi: "Ẹnìtàn, gbé àga wá fún àwọn àlejò." Mo gbé àga wá. Nígbà tí wọ́n lọ, mo bi í pé kí ló dé. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀kọ́ tó gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wá, ṣé kò ti rẹ̀ ẹ́ lọ́nà ni? Ọ̀mọ̀wé, lọ po sódà rẹ." Mo lọ pò ó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro bí ọ̀fun tó fi rẹ́rìn-ín yẹn yóò ṣe jó.

Ní gbogbo òwúrọ̀ Jímọ̀, Chakirou nìkan ló ń fọwọ́ kan ásíìdì tó le jù. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, n kò fi sódà sí omi. Mo ra aró tí àwọn ahunẹní fi ń pa ẹní ní àwọ̀ ewé, mo dà á sínú ìgò kékeré dípò ìṣápá. Aró kò mọ ásíìdì, kò mọ sódà, àwọ̀ rẹ̀ kì í yí padà. Mo fara balẹ̀ wọ̀n ọ́n, n kò da ẹ̀kán kan nù. Ẹ wo irú ìṣọ́ra tí mo fi ṣìkà.

Nígbà tí ilẹ̀ Jímọ̀ mọ́, mo jókòó lábẹ́ igi ọsàn ní ẹ̀yìnkùlé. Mo gbọ́ ikọ́ láti inú ilé. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kó pẹ́. Ìgbà tó yá, ohùn kan pè, "Fòfó," bí àwọn Gùn Àjàṣẹ́ ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin. Delphine ni. Chakirou ti lọ sìnkú ní Aguidi, ó ti ní kí Delphine bá òun ṣe iṣẹ́ náà.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀, ó nawọ́ sí mi. Ìgò ni mo kọ́kọ́ tọ̀ lọ. Mo da aró nù, mo ṣan ìgò, mo bu omi àgbá sí i, mo kán ìṣápá lé e, ó pupa. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó wọ́ obìnrin náà síta.

Ó yè, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀ sókè mọ́. Nígbà tí Chakirou dé, ó wo ìgò, ó ní fún un pé, "Ó pupa báyìí, o kò sì sá?"

"Pátírọ́ọ̀nù, àwọ̀ ewé ni mo rí," ni Delphine dá ọ̀gá wa lóhùn.

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Chakirou lé e. Láti Sakété dé Pobè, kò sí alágbẹ̀dẹ tó gbà á síṣẹ́. Afọ́jú Àwọ̀ ni wọ́n ń pè é. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan.

Chakirou, n kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Bí wọ́n bá sọ fún mi lónìí pé ọ̀fun rẹ ń jó, n ó sùn dáadáa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ rí i pé ìbínú mi ṣì gbóná, kò sì tíì kan ẹni tí mo ń bínú sí. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ohun tí ẹlòmíràn fi ń mí.

Delphine, mo fọwọ́ sí ìwé yìí kí o lè gbé e fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun kò gbà ọ́ síṣẹ́. Bí o bá lè forí jì mí, mo bẹ̀ ọ́. Bí o kò bá lè ṣe é, má fi àkókò rẹ ṣòfò lórí mi. Ojú rẹ kò fọ́. Àwọ̀ ewé ni o rí.