Ibi tí orin náà ti dúró díẹ̀

Àárín màmá kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni mo jókòó sí nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí fóònù màmá yẹn dún tín-ín tín-ín bíi géèmù ọmọdé, tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ta gìrì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo ṣe orin yẹn. Ohùn ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ ni mo fi ṣe é."

"Ọmọ mi ló fi sórí fóònù mi. Ṣé o fẹ́ fi ọlọ́pàá mú mi ni?"

"Rárá o, mà. Àwọn èèyàn kàn ń jí i lò nínú fídíò wọn láìdárúkọ mi ni."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé tìẹ ni? Ṣebí bákan náà ni gbogbo géèmù ń ké."

"Ó máa ń dúró díẹ̀ láàárín. Àmì tèmi nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti ń mú olè."

Màmá yẹn rẹ́rìn-ín títí tí èmi náà fi ń mì lórí ìjókòó.

"Àmì tìẹ! Ta ló kọ́ ẹ lórin ọ̀hún?"

"Ìyá mi àgbà máa ń kọ ọ́ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀."

"Tó bá ń yan gààrí, àbí?"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, mà?"

"Gbogbo àwa tá à ń yan gààrí níbẹ̀ la jọ ń kọ ọ́. Èéfín ló ń dá wa dúró láàárín, ọ̀gá olórin."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ jẹ́jẹ́. Nígbà tó débi ìdúró yẹn, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì dijú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Háà. Bí ìyá àgbà ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn."