Omi Kọ́ Ló Pa Aríjìlókèèrè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ti dúró báyìí rí nígbà tí ìyàwó mi kú, omijé mi sì tán síbẹ̀. Ẹ má retí ẹkún lójú mi.

Àbúrò mi obìnrin ló sùn sínú yàrá yẹn. Mo ń gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́ yín pé òkun ló mú un. Irọ́ ni. Àrùn kíndìnrín ló pa á, lórí bẹ́ẹ̀dì, láàárín ògiri mẹ́rin. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹ fi òkun sílẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń fi pákó gun ìgbì òkun lẹ sọ ọ́ ní Aríjìlókèèrè, torí gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń sọ fún yín bí omi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ṣe máa rí. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí bàbá tó ń fi àga háyà to àga ẹ̀ sí etí omi gan-an? Oòrùn ń ràn, atẹ́gùn ò fẹ́. Àbúrò mi ní, "Bàbá, ẹ kó àga yín sókè. Ìgbì ńlá ń bọ̀."

Bàbá ní, "Láti ibo? Ṣé òkun ló bá ẹ sọ ọ́?"

"Ìjì ti jà lókèèrè láti ìjẹta, ìgbì ẹ̀ ló ń rìn bọ̀. Ojú ọ̀run ti ibí kọ́ lẹ máa wò."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àbúrò mi ń kó àga sókè, bàbá ń kó o padà sísàlẹ̀. Nígbà tí ìgbì dé, ta ló gun pákó wọ omi lọ ṣa àga? Òun náà ni. Ó gbé èyí tó kẹ́yìn síwájú bàbá, ó sì jókòó sórí ẹ̀. Ẹ wo bàbá, ó ń rẹ́rìn-ín. Rẹ́rìn-ín dáadáa, ọ̀rẹ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ẹnu ẹ̀ ti gbẹ, fóònù wà láyà ẹ̀, ó ṣì sọ ti ọ̀sẹ̀ yìí. Ó ní òkun máa sùn títí di Ọjọ́rú. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìgbì gíga máa wọlé láti ibi tí ìjì ti jà, atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ á sì jẹ́ kí ojú ẹ̀ dán. Lọ́sàn-án, atẹ́gùn òkun á fọ́ gbogbo ẹ̀ yángá. Lọ́jọ́ Ẹtì, kí ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ kan omi.

Àwọn mọ̀lẹ́bí wá ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ la máa sin ín, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ omi lọ́sẹ̀ yìí, ká lè bọ̀wọ̀ fún òkú. Ọ̀wọ̀ wo? Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí, ẹ fẹ́ sin ín, ẹ tún fẹ́ sin ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn? Ẹ ní kí làwọn ayé máa wí. Kí wọ́n wí i. Èmi ni àgbà ilé yìí. Mi ò kàwé, ṣùgbọ́n mo létí.

Ọ̀sán la máa sin ín, nígbà tí atẹ́gùn bá ti ba ìgbì jẹ́. Láàárọ̀, ẹ̀yin tó ń gun ìgbì, ẹ gbé pákó yín, ẹ wọ omi. Ẹni tí inú bá bí, kó wá bá mi. Mo fẹ́ kí orí yín ṣì tutù fún omi òkun nígbà tí ẹ bá ń gbé pósí ẹ̀.

Àbúrò mi, máa lọ. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́ kó o dúró. Ta ló bẹ̀ ẹ́ rí tó o gbọ́? Kí ọ̀nà là fún ẹ, kí atẹ́gùn máa tì ẹ́ lẹ́yìn. Àwa ń wọ omi.