Kọfí Tí Mo Sè fún Ẹ̀gbọ́n Mi ní Ìtálì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ má tíì bú mi. Ó ti pé ọdún méjì tó ti wà níkùn mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún wòlíì ìjọ wa. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ọmọbìnrin kan tí kò ṣẹ̀ mí pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń sunkún, ó ní kí n bá òun bẹ ìyá ọkọ òun. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ń tìtorí ẹ̀ bẹ̀bẹ̀, èmi ni mo dá a.

Odòde ní Ìdànrè ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń rán. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni mo ní, obìnrin ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, Àkúrẹ́ ló ń gbé. Bàbá wa dá oko kòkó sí Aládé, ó sì gbin kọfí díẹ̀ sí etí rẹ̀. Láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ràn kọfí. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège, dókítà ní kò gbọdọ̀ mu ún mọ́, àfi èyí tí wọ́n ti yọ ohun tó ń lé oorun kúrò nínú rẹ̀. Díkáàfù ni wọ́n ń pè é.

Ọmọ rẹ̀, Káyọ̀dé, ní ká wá kí òun àti Bùkọ́lá ìyàwó òun ní Ìtálì. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò lè dá lọ, ni mo bá tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni wàhálà díkáàfù ti bẹ̀rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù tí a kọ́kọ́ wọ̀, ńṣe ni ọlọ́jà fi wá rẹ́rìn-ín. Èyí tí a rà níbòmíràn dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n mi á tọ́ ọ wò, á gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀, á ní, "Fúnkẹ́, èyí kì í ṣe kọfí o."

Bùkọ́lá ló rìn títí, tòun toyún oṣù márùn-ún, kó tó rí bàbá àgbàlagbà kan nítòsí ibùdó rélùwéè tó ń ta ojúlówó díkáàfù. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi mu ún, ó ṣàdúrà fún Bùkọ́lá bí ẹni pé òun ló bí i.

Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń sè é láràárọ̀. Ike méjì ló wà nínú kíṣìnnì. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi, èkejì jẹ́ ti Káyọ̀dé, kọfí gidi ló wà nínú tiẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń ká aṣọ ní yàrá, mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń bá mọ̀lẹ́bí wa kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Orúkọ Káyọ̀dé ni kí wọ́n kọ sínú ìwé oko Aládé. Ẹ má jẹ́ kí Fúnkẹ́ gbọ́ o. Tó bá ti parí, kò sí ohun tó lè ṣe sí i."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá wa, ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú, ó ní àwa méjèèjì la ni oko yẹn. Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà náà. Èmi ni mò ń wá àwọn tó ń ro ó, èmi ni mò ń dúró ti kòkó tí a bá sá a sóòrùn. Ejò ti bù mí ṣán níbẹ̀ rí. Ó mọ gbogbo rẹ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa nítorí kó má baà dá wọ ọkọ̀ òfúrufú. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, omi ò bọ́ lójú mi. Àyà mi já, ó sì le bí òkúta.

Mi ò bi í ní nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ike Káyọ̀dé ni mo ṣí. Mo sè é kó le dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi mu ún, ó ní, "Ti òní mà dùn o, àbúrò mi." Mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Mi ò fẹ́ kó kú. Mo fẹ́ kí àyà rẹ̀ já bí tèmi ṣe já ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí dókítà sọ.

Lọ́jọ́ kẹta yẹn, ó di àyà mú nínú kíṣìnnì, ó ṣubú. Ní ọsibítù, wọ́n béèrè ohun tó mu. Káyọ̀dé yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Bùkọ́lá, kí lo rà fún Mọ́mì?"

"Èyí tí mo máa ń rà náà ni. Ẹ bi Àǹtí."

Gbogbo wọn wò mí. Mo ní, "Bùkọ́lá ló ń rà á. Èmi kàn ń sè é ni."

Ara ẹ̀gbọ́n mi yá, a padà wálé. Ṣùgbọ́n ó gbà pé ìyàwó ọmọ òun fẹ́ pa òun. Nígbà tí Bùkọ́lá bímọ, kò pè é. Kò wo fọ́tò ọmọ. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Àkúrẹ́, ó ní kí n dìde níwájú ìjọ, ó ní ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò òun yìí lára òun. Mo sì dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Títí dòní, kò tíì sọ̀rọ̀ oko náà fún mi. A ó jọ jẹun, a ó jọ rẹ́rìn-ín, kálukú á sì gbé tiẹ̀ sínú.

Wàyí o, Bùkọ́lá ń gbé ọmọ bọ̀ wálé fún Kérésìmesì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò ní wọ ilé òun. Lórí fóònù, Bùkọ́lá sọ fún mi pé, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ̀ ń sè é. Ẹ mọ̀ pé mi ò ra ìràkurà." Mi ò mọ̀ bóyá ó ń bẹ̀ mí ni, àbí ó ń fura.

Bí mo bá jẹ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi á sọ fún gbogbo ẹbí pé irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyí tí òun fi fún ọmọ òun lóko. Kò sẹ́ni tó máa rántí pé òun ló kọ́kọ́ dà mí. Bí mo bá sì dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò máa ru ẹ̀ṣẹ̀ mi kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Bùkọ́lá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì.